Kéèjì ọmọ ajá: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò wò kó tó sanwó

Tí olè bá ti já ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan lára ohun tó máa ń wá sọ́kàn oníṣòwò ni pé kóun ra ajá. Owó oṣù mọ́gáàdì ń ga sí i, kámẹ́rà tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kò sì lè gbó mọ́ olè. Onítọ̀hún yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ajá tà lọ, yóò mú ọmọ Alsatian tàbí Rottweiler kan tí kò tíì ju oṣù méjì lọ, yóò nájà rẹ̀ títí, yóò sanwó, yóò sì gbé e sínú páálí wálé. Ó di ọjọ́ kejì kó tó rántí pé ajá gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa sùn. Ìgbà yẹn ni wàhálà kéèjì máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná.

Ohun tó ń fà á kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó ń ta kéèjì, èyí tó wà nílẹ̀ ni yóò júwe pé ó dára jù. Ẹni tó fẹ́ rà á náà, ọmọ ajá tó gbé dání ló ń wò, kò wo ajá tí yóò dà lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan á ra kékeré, nígbà tí ajá bá fi máa dàgbà díẹ̀, kò ní í lè yí ara padà nínú ẹ̀ mọ́, ni wọ́n á bá tún lọ ra òmíì. Àwọn mìíràn á ra ńlá kí wọ́n má baà rà á lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ajá á wá máa tọ̀ sí igun kan, á sì máa sùn ní igun kejì. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni tàwọn tó máa ń ní kí wẹ́dà fi páànù bo kéèjì yíká kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré nínú oṣù kẹta ọdún ti tó láti pa ajá tó wà nínú irú kéèjì bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi kéèjì náà ṣe gan-an? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn, kódà ó yẹ kó ṣáájú iye owó. Kéèjì tí ọmọ ajá yóò máa sùn nínú ẹ̀ lẹ́yìn káńtà kọ́ ni èyí tí wọ́n yóò fi gbé e láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó dára fún ìrìn ojú títì lè jẹ́ èyí tí wọn kò ní í gbà rárá ní pápákọ̀ òfurufú. Àti pé kéèjì kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ibùsùn ajá ni, ibi tí wọ́n ń fi í sí fún wákàtí díẹ̀ kó má baà jẹ wáyà iná tàbí kó máa kó sí oníbàárà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ajá wà lójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, ilé ajá tó ní àgbàlá ló yẹ kó kọ́, kì í ṣe kéèjì ló yẹ kó rà.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló kàn. Ajá gbọ́dọ̀ lè dìde dúró nínú kéèjì láìtẹ orí ba, ó gbọ́dọ̀ lè yí ara padà, ó sì gbọ́dọ̀ lè na ẹsẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀. Ajá tó ti dàgbà tán ni wọ́n fi ń wọn èyí o, kì í ṣe ọmọ ajá inú páálí. Akọ Alsatian tó bá dàgbà dáadáa máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65 láti ilẹ̀ dé èjìká, ó sì lè wọn kílò 30 sí 40. Rottweiler máa ń nípọn jù ú lọ, Boerboel sì tún ju àwọn méjèèjì lọ. Gígùn ni wọ́n fi ń pe àwọn kéèjì oníwáyà tó ń ti òkè òkun wá, íǹṣì sì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 24, 30, 36, 42 àti 48. Lhasa Apso, ajá kékeré onírun gígùn tí àwọn ìdílé fẹ́ràn, kò nílò ju 24 lọ. Ajá ìbílẹ̀ wa sábà máa ń rọra gba inú 36. Alsatian àti Rottweiler ń fẹ́ 42, èyí tó bá jẹ́ akọ ńlá nínú wọn ń fẹ́ 48. Ní ti Boerboel, 48 ni ìbẹ̀rẹ̀, àwọn akọ rẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé wẹ́dà ló máa bá wọn ṣe tiwọn.

Báwo ni wọ́n ṣe máa wá fi ọmọ ajá oṣù méjì sínú kéèjì onííǹṣì 42 tí kò fi ní í sọ ìdajì rẹ̀ di ilé ìyàgbẹ́? Ìdábùú ni ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kéèjì oníwáyà ló máa ń ní abala wáyà kan nínú tí wọ́n lè fi dá a sí méjì, tí wọ́n á sì máa sún un sẹ́yìn bí ajá bá ṣe ń dàgbà. Àwọn tó ń tà á nínú ọjà máa ń já abala yìí sọnù, tàbí kí wọ́n tà á lọ́tọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè rẹ̀ kó tó sanwó. Tí kò bá sí, wẹ́dà lè ṣe é láàárín wákàtí kan. Kéèjì kan ṣoṣo yóò wá gbé ajá náà láti ọmọdé títí dé àgbà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n fi le tó bẹ́ẹ̀ ni pé ajá kì í fẹ́ dọ̀tí síbi tó ń sùn. Tí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un bá mọ níwọ̀n ara rẹ̀, yóò mú ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ra títí tí wọ́n á fi mú un jáde, bó sì ṣe máa kọ́ ibi tó yẹ kó máa yàgbẹ́ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbára ọmọ ajá láti mú ìtọ̀ mọ́ra kò pọ̀. Ìṣirò táwọn tó ń kọ́ ajá níṣẹ́ ń lò ni pé kí wọ́n fi ẹyọ kan kún iye oṣù rẹ̀, iye wákàtí tó lè fara dà á nìyẹn ní ọ̀sán, ó pẹ́ jù. Ọmọ ajá oṣù méjì, wákàtí mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin. Oníṣòwò tó bá ti í mọ́ kéèjì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ pé kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn máa sùn sínú ìtọ̀. Ajá tó bá ti mọ́ ọn lára, ó máa ń ṣòroó tún kọ́.

Ní ti oríṣiríṣi kéèjì tó wà, èyí tí wọ́n fi wáyà ṣe ló bá ojú ọjọ́ wa mu jù fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Afẹ́fẹ́ ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ṣeé ká pa, ó sì ní tíréè nísàlẹ̀ tí wọ́n lè fà jáde láti fọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀rù máa ń ba ọmọ ajá mìíràn tó bá ń rí gbogbo ibi yíká, èyí tó jẹ́ pé aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ta sí orí rẹ̀ lálẹ́ máa ń yanjú ẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa bọ́ bẹ́líìtì ọrùn ajá kí wọ́n tó tì í mọ́nú ẹ̀, nítorí bẹ́líìtì yẹn lè há sí wáyà kó sì fún un lọ́rùn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti wá di nǹkan mìíràn. Dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́wọ́ ìjọba kó tó di pé báńkì àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ohun tó bá ń ti òkè òkun wá, tó sì tún wúwo bíi kéèjì, kò lè yọ nínú ìyẹn.

Ìdí nìyí tí wẹ́dà àdúgbò fi di ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá tọ̀ lọ. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn máa ń lágbára ju ti òkè òkun lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibi tí ìṣòro wà ni pé géètì àti bọ́gúlà ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà mọ̀ ọ́n ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́gúlà náà ni wọ́n ṣe máa ń ṣe kéèjì. Àlàfo tó wà láàárín irin kan sí èkejì lára bọ́gúlà, orí ọmọ ajá lè gba ibẹ̀ jáde kó má sì ṣeé fà padà. Ó yẹ kí àlàfo náà kéré débi pé orí ọmọ ajá kò ní í lè wọ̀ ọ́. Tí owó irin bá pọ̀ jù, wọ́n lè fi nẹ́ẹ̀tì onírin tó nípọn bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé ìdajì.

Wọ́n gbọ́dọ̀ fi fáìlì rin gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, kí oníkéèjì sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ káàkiri kó tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, nítorí ohun tó bá lè ya ọwọ́ èèyàn yóò ya imú àti ẹsẹ̀ ajá. Ilẹ̀ kéèjì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tó ní àlàfo lásán, ẹsẹ̀ ajá á máa há sí i. Kí wọ́n tẹ́ pátákó tó ṣeé yọ tàbí rọ́bà líle sí i. Tó bá dọ̀rọ̀ ọ̀dà, ọmọ ajá tí eyín rẹ̀ ń hù yóò jẹ irin kéèjì, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ọ̀dà tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí ẹnì kan kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, lè ní òjé, májèlé sì ni òjé. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n kọ sí i lára pé kò ní òjé ló dára, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ.

Ọ̀rọ̀ páànù yẹn ló yẹ kéèyàn dúró lé díẹ̀. Ajá kì í làágùn bíi tèèyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti ń rí òógùn díẹ̀, èémí tó ń fi ẹnu mí lemọ́lemọ́, tó sì ń yọ ahọ́n síta, ló fi ń lé ooru kúrò lára. Tí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá gbóná tí kò sì lọ síbì kankan, gbogbo mímí yẹn kò lè ràn án lọ́wọ́. Ara ajá tó bá wà ní àlàáfíà máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti kọjá 41, ikú ló ń rìn bọ̀. Ajá onímú pẹlẹbẹ bíi Bulldog kì í tilẹ̀ pẹ́ tó ìyẹn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù òjò, kó gbé kéèjì sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù, kó gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí omi má baà dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan kí wọ́n bò ó lórí, kí òrùlé náà ga sókè kúrò lára kéèjì, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ó kéré tán sì ṣí sílẹ̀.

Ibì kan tún wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbé kéèjì sí rárá, ìyẹn ni ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Àwọn oníṣòwò máa ń ka ibẹ̀ sí ibi tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn sínú yàrá yóò pa ọmọ ajá ṣáájú, nítorí ajá tí wọ́n tì mọ́ kéèjì kò lè sá.

Kéèjì oníke, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin, ìrìn àjò ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń jẹ́ kí ọkàn ajá balẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí kò rí ìta púpọ̀, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ṣùgbọ́n ooru máa ń mú nínú ẹ̀ ju ti oníwáyà lọ, kò yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di ibùsùn ojoojúmọ́ nílẹ̀ olóoru. Tí wọ́n bá fi í gbé ajá nínú mọ́tò, orí àga ẹ̀yìn ni kí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é. Ọmọ ajá tí wọ́n bá jù sí bùùtù láti Ìbàdàn, tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ sì dá mọ́tò dúró ní Ìbafò, kò dájú pé yóò dé Èkó láàyè.

Èyí tí wọ́n fi aṣọ rán, tó ní síìpù, kò wúlò fún ọmọ ajá. Yóò fi eyín ya á kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí tí káfíńtà fi pákó kàn máa ń tutù, ṣùgbọ́n ìtọ̀ máa ń wọ inú pákó, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́. Ajá ńlá tí kéèjì oníke kò lè gbà, tó sì fẹ́ bá ọkọ̀ òfurufú lọ, ni pákó dára fún jù.

Àwọn tó ń sin ajá tà fáwọn tó ń gbé lókè òkun gbọ́dọ̀ mọ òfin ọkọ̀ òfurufú dáadáa, nítorí wọ́n lè dá ajá padà ní pápákọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìnáwó tí wọ́n ti ṣe. IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á wọn ajá láti imú dé ìdí ìrù, wọ́n á wá fi ìdajì gíga ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, kún un. Gígùn kéèjì nìyẹn. Ìlọ́po méjì fífẹ̀ èjìká rẹ̀ ni fífẹ̀ kéèjì. Gíga rẹ̀ ni láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó orí tàbí etí ajá tó bá dúró, kí wọ́n sì fi ti ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kún un. Ká ní ajá kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìgúnpá jẹ́ 36, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ tó 24, tó sì ga tó 70. Kéèjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 98, kó fẹ̀ tó 48, kó sì ga ju 70 lọ díẹ̀. Onímú pẹlẹbẹ ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abọ́ omi gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ tí wọ́n lè bu omi sí láti ìta. Kéèjì oníwáyà tó ṣeé ká kò lè wọ ibẹ̀.

Ohun mìíràn tó ti yí ọ̀rọ̀ yìí padà ni pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Amẹ́ríkà kò gba ajá kankan tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà wọlé mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀ lábẹ́ awọ. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n kà sí pé àrùn dìgbòlugi ti pọ̀, ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti ibí tún wá pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ta ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún oníbàárà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, tó tún ta kéèjì kékeré mọ́ ọn, ti ta ohun tí kò ní í wúlò. Ajá oṣù mẹ́fà ni yóò wọkọ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò bá kù díẹ̀, kí wọ́n tó ra kéèjì.

Kéèjì tòkunbọ̀ náà wà lọ́jà, ó sì máa ń pọ́n lówó. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ohun tó ṣe ajá tó kọ́kọ́ lò ó. Àrùn parvo, tó máa ń mú kí ọmọ ajá bì kó sì yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, lè wà lára ohun tó bá kàn fún oṣù púpọ̀, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á. Irin àti ike ṣeé fọ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, kí wọ́n wá fi Jik tí wọ́n pò mọ́ omi nù ún, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tó ṣàn án dáadáa. Pákó tòkunbọ̀ ní tiẹ̀, kí wọ́n má tilẹ̀ dá a lé. Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé ni parvo ń pa jù, abẹ́rẹ́ yẹn kì í sì í parí kó tó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún.

Owó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ń sin ajá tà lè bá wẹ́dà kan àdéhùn, kó fún un ní ìwọ̀n mẹ́ta péré, ti ajá kékeré, ti ajá ìbílẹ̀ àti ti Alsatian, kí ìdábùú wà nínú gbogbo wọn, kó sì máa ta kéèjì mọ́ ajá. Oníbàárà tó bá gbé ọmọ ajá lọ pẹ̀lú kéèjì tó bá a mu kì í tètè padà wá jà pé ajá tí wọ́n tà fóun ò gbọ́ràn. Wẹ́dà náà yóò máa gé irin sílẹ̀ lásìkò tí iná bá wà, kò ní í máa dúró de ẹni tó máa wá wọn ajá ní kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kù. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń fi àgádágodo sí kéèjì nítorí kí wọ́n má baà jí ajá gbé, wọ́n á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Iná máa ń sọ nínú ọjà, lóru ló sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Bótì onírin tó lágbára, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣí láti ìta, ló yẹ kó wà lára kéèjì, kí àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Tó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí wọ́n ti kéèjì pa, kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà.